Àjò Akọni àti Ìpadàbọ̀ Rẹ̀: Ìdàgbàsókè Ọkàn Ẹ̀dá Ìtàn nínú Lítíréṣọ̀ Gánà, 1964 sí 1971

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí kó ohun mẹ́ta pọ̀: ẹni tí ó kúrò nílé, ibi tí ó lọ, àti ilé tí ó gbọ́dọ̀ padà sí. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọ ìwé ńláńlá lórí ohun mẹ́ta wọ̀nyí. Joseph Campbell, nínú The Hero with a Thousand Faces tí ó jáde ní 1949, sọ pé ìlànà kan náà ni ìtàn akọni ń tọ̀ káàkiri ayé: akọni a fi ilé sílẹ̀, a la ìdánwò kọjá, a sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀bùn fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Carl Gustav Jung (1875–1961), oníṣègùn ọkàn ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, wà lára ìpìlẹ̀ tí Campbell kọ́lé lé. Jung gbà pé ní ìsàlẹ̀ ọkàn, níbi tí èrò ojoojúmọ́ kì í dé, àwọn àwòrán kan wà tí gbogbo ọmọ ènìyàn jogún: ìyá, àgbà ọlọ́gbọ́n, òjìji ara ẹni, ẹlẹ́tàn, akọni. Àwòrán àtayébáyé ni orúkọ tí ó bá wọn mu ní èdè Yorùbá. Lójú Jung, ẹni tí yóò bá dàgbà nínú gbọ́dọ̀ bá àwọn àwòrán wọ̀nyí pàdé lójúkojú, kí ó sì gbà pé ara òun ni wọ́n.

Ẹ̀kọ́ yìí wọ ilé-ìwé Áfíríkà, àwọn aṣelámèyítọ́ sì ń fi í wọn ìtàn àbáláyé àti ìwé ìtàn àròsọ. Ṣùgbọ́n láàárín 1964 sí 1971, àwọn òǹkọ̀wé Gánà gbé àwọn iṣẹ́ kan jáde tí ó fi ìlànà náà sínú ìdánwò. Akọni inú wọn kúrò nílé, ó kàwé lókè òkun, ó sì padà dé. Ibi tí Campbell ti ní kí ìtàn parí ni wàhálà tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní èdè Áfíríkà, nítorí pé ohun tí a bá pè ní ìdàgbàsókè akọni ni a óò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa wá nínú ìwé, bóyá nínú ayé tirẹ̀ pẹ̀lú.

Èṣù nínú ìwé àjèjì

Yorùbá ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì tí ó dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, kó ìtàn púpọ̀ jọ nípa àwọn òrìṣà. Ọ̀kan nínú wọn ni ìtàn Èṣù tí ó dé fìlà aláwọ̀ púpọ̀ gba àárín oko àwọn ọ̀rẹ́ méjì kọjá, tí àwọn ọ̀rẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí àwọ̀ fìlà tí wọ́n rí. Campbell mú ìtàn yìí láti ọ̀dọ̀ Frobenius sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ orúkọ òrìṣà náà ní Edshu. Báyìí ni Èṣù ṣe di ọ̀kan nínú àwọn àpẹẹrẹ ẹlẹ́tàn inú ọkàn gbogbo ènìyàn.

Ìtàn náà jọ tilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Lẹ́nu àwọn babaláwo, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró. Ó máa ń ní adífá, ó máa ń ní ẹbọ tí a yàn, àti ẹni tí ó gbọ́ tàbí tí ó kọ̀. Èṣù ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, ìjà tí ó sì dá sílẹ̀ kì í ṣe eré lásán, bí kò ṣe ìrántí pé ẹnì kan ti jẹ gbèsè tí kò san. Bí a bá yọ gbèsè kúrò nínú ìtàn náà, ẹlẹ́tàn nìkan ni ó kù. Nítorí náà, àwòrán méjì lè jọra kí iṣẹ́ wọn má jọra rárá. Ohun tí ó ń fún àwòrán ní iṣẹ́ ni àwùjọ tí ó ń lò ó.

Fanon ní Accra

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ojú oníṣègùn ọkàn bá Jung jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì tún gbé ìlú Accra, ni Frantz Fanon. Ọmọ erékùṣù Martinique ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Blida ní ilẹ̀ Algeria. Ó wá sí ìpàdé àpapọ̀ àwọn ènìyàn Áfíríkà tí ó wáyé ní Accra ní oṣù Kejìlá 1958. Ní 1960, ìjọba fìdíhẹ tí àwọn tí ó ń jà fún òmìnira Algeria gbé kalẹ̀ fi í ṣe aṣojú wọn ní ìlú náà.

Ṣáájú ìgbà yẹn, nínú ìwé rẹ̀ ti 1952 lórí awọ dúdú àti ìbòjú funfun, Fanon ti sọ pé Jung ṣi ohun tí a kọ́ mú fún ohun tí a jogún. Àwòrán tí ó wà nísàlẹ̀ ọkàn kò ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ìtàn tí a pa fún ọmọdé, ìwé tí a kà ní kíláàsì àti sinimá tí a wò ni ó gbé wọn síbẹ̀. Ọmọ dúdú ní Martinique a máa wo sinimá Tarzan, a sì máa fi ara rẹ̀ sí ipò Tarzan, kì í ṣe sí ipò àwọn ènìyàn dúdú tí Tarzan ń bá jà. Bí akọni tí ń gbé inú ọmọ náà bá ní awọ funfun, a jẹ́ pé bí ó ṣe ń sún mọ́ akọni náà ni yóò máa jìnnà sí ara rẹ̀. Ìdàgbàsókè a wá di àìsàn. Ọdún kan náà, 1961, ni Jung àti Fanon kú, Jung ní oṣù Kẹfà, Fanon ní oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wọn kò bá wọn lọ.

Láti Ananse dé oríta

Accra ìgbà náà kún fún ìrètí. Gánà ti gba òmìnira ní 6 oṣù Kẹta 1957. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní 1948 di Yunifásítì Gánà ní Legon ní 1961. Efua Sutherland (1924–1996) dá ilé eré tí a ń pè ní Drama Studio sílẹ̀ ní Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kò lọ wá akọni rẹ̀ sí ibòmíràn. Kwaku Ananse, aláǹtakùn ẹlẹ́tàn inú àlọ́ Akan, tí ó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ Ìjàpá wa, ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì pe irú eré náà ní Anansegoro. Nínú The Marriage of Anansewa, tí a tẹ̀ ní 1975, Ananse ń ta ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọba mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Sutherland sì dá mboguo dúró síbẹ̀, ìyẹn orin tí àwọn olùgbọ́ máa ń dá láàárín àlọ́. Ẹlẹ́tàn kò lè lo òun nìkan; bí ó ṣe ń tan ayé jẹ ni àwùjọ ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe rí nínú àlọ́ Ìjàpá nìyẹn, níbi tí ègbè kì í jẹ́ kí apàlọ́ dá ìtàn ní.

Nígbà tí Ama Ata Aidoo (1942–2023) ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Legon, wọ́n ṣe eré rẹ̀, The Dilemma of a Ghost, níbẹ̀ ní 1964. Ato Yawson ti Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú Eulalie, aya tí ó fẹ́ lọ́hùn-ún láìsọ fún ilé. Àwọn méjèèjì ti jọ fi ọmọ bíbí falẹ̀. Ẹbí rò pé àgàn ni ìyàwó, Ato sì ń wò wọ́n níran láìsọ òtítọ́. Ní ìparí, Esi Kom, ìyá Ato, ni ó fa Eulalie mú wọ inú ilé, tí Ato sì dá dúró síta bí iwin inú orin ọmọdé tí ó dé oríta, tí kò mọ̀ bóyá Elmina ni òun ń lọ tàbí Cape Coast. Ẹni tí ó rin ìrìn-àjò kò dàgbà. Ìyá tí kò kúrò nílé àti àjèjì tí kò gbọ́ èdè ni ó dàgbà. Bí a bá tẹjú mọ́ Ato nìkan nítorí pé òun ni ó bá àwòrán akọni mu, ìdàgbàsókè tí ó wà nínú eré náà yóò fò wá ru.

Baako àti Amamu

Ìwé méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn ní 1970 àti 1971 gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí ó le jù. Fragments, ti Ayi Kwei Armah, ni àkọ́kọ́. Baako ti Amẹ́ríkà dé sí Accra, iṣẹ́ ìkọ̀wé ni ó sì fẹ́ ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹbí ń retí ni ọkọ̀, ilé àti ipò. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wọ bàálù dé, Brempong, mọ ohun tí a ń retí, ó sì kó o dání. Àwọn ẹbí rẹ̀ pàdé rẹ̀ ní pápá òfúrufú tayọ̀tayọ̀. Baako rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì kọ gbogbo eré tí ó kọ. Arábìnrin rẹ̀ bímọ. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, nítorí pé àsìkò tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àlejò máa ń lawọ́. Ọmọ náà kú. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ẹbí Baako fúnra wọn ni ó lé e mú ní títì, tí wọ́n dè é, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ.

Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni Naana, ìyá-ìyá Baako tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, òun ni ó sì parí rẹ̀. Lójú rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ òbìrípo kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ikú àti ìbí ti jẹ́. Nígbà tí Baako ń lọ, tí àbúrò Efua ṣahun níbi ọtí tí wọ́n ń ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá, Naana ni ó fi ìkọ̀kọ̀ san ohun tí ó kù. Jung yóò pè é ní àgbà ọlọ́gbọ́n, kò sì ní parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé àgbà ọlọ́gbọ́n wà nínú ilé, kò sì sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Juana, oníṣègùn ọkàn láti Puerto Rico, ni ó gbọ́ ti Baako, òun náà sì jẹ́ àlejò ní ìlú.

Èkejì ni This Earth, My Brother, ti Kofi Awoonor (1935–2013), ọmọ Ewe láti ìlú Wheta. Lọ́yà ni Amamu ní Accra. Ó ti kàwé ní Ìlú Ọba, ó lówó, ó sì ní ẹgbẹ́. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní kékeré, tí ó ti kú, tí ó sì ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú obìnrin inú òkun lọ́kàn rẹ̀. Orí Amamu dàrú, ó tẹ̀lé àwòrán náà lọ sí etí òkun, kò sì bọ̀ nínú àìsàn náà títí tí ó fi kú.

Mamiwata wà nínú ìwé méjèèjì. Baako àti Juana sọ̀rọ̀ lórí ìtàn olórin tí ó bá obìnrin inú omi pàdé, tí ó gba agbára orin lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó sì wá dá wà láyé. Ẹni tí ó bá ń lo ìlànà Jung yóò sọ pé àwòrán abo inú ọkàn ọkùnrin ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní Yemọja, ó ní Ọlọ́kun, ó ní Ọ̀ṣun, àwọn tí ó sì ń sìn wọ́n kì í sábà dá nìkan bá wọn pàdé. Bí òrìṣà bá gun ẹnì kan, ìlù wà tí a ó lù, oríkì wà tí a ó kì, àwọn tí ó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wà níbẹ̀ tí yóò di elégùn mú, tí wọn yóò sì mú un padà sí ara rẹ̀. Amamu kò ní ẹnì kankan. Ojúbọ kò sí, àwòrò kò sí, ẹgbẹ́ tí ó ń bá a mutí kò sì mọ ohun tí ó ń rí. Àwòrán tí àwùjọ ì bá bá a gbé di ẹrù fún ẹnì kan, ó sì wó o. Níhìn-ín, Fanon ni ó jàre: ìwà láàyè àwòrán nínú ọkàn kò tó; ètò tí àwùjọ ṣe fún un ni ó ń sọ bóyá yóò wo ènìyàn sàn tàbí yóò bà á jẹ́.

Wole Soyinka pẹ̀lú ti rìn ní ọ̀nà yìí. Nínú Myth, Literature and the African World (1976), tí ó ti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Cambridge jáde, ó bá Jung wí lórí bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn àwọn tí ó pè ní ará àtijọ́, ó sì gbé Ògún kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀gbun tí ó wà láàárín ènìyàn àti òrìṣà já. Ní àárín àwọn ọdún 1970 náà, Soyinka ń gbé ní Accra, ó sì jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Transition. Ògún rẹ̀ kò la ọ̀nà fún ara rẹ̀ nìkan. Àwọn òrìṣà yòókù gba ọ̀nà náà kọjá.

Akọni tí a rán níṣẹ́

Bí a bá gbé Baako sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàrà-oògùn, ìyàtọ̀ náà yóò hàn. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ìrìn-àjò méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọba rán an, pẹ̀lú àwọn ògbójú ọdẹ mìíràn, lọ sí Òkè Lángbòdó. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó lẹ́sẹ̀ Ìrágbèje kọ́ ọgbọ́n ìgbé-ayé. Nígbà tí ìtàn ń lọ, èrò ń pọ̀ sí i níwájú ẹni tí ó ń sọ ọ́, akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọgbọ́n ni olórí ẹ̀bùn tí akọni mú bọ̀, àwùjọ sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun iyebíye ni ọgbọ́n. Baako pẹ̀lú mú ọ̀rọ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni wọ́n ń retí. Ohun tí ó sọ ọ̀kan di akọni, tí ó sì sọ èkejì di wèrè, kò sí nínú ọkàn wọn nìkan. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó dúró dè wọ́n.

Akan àti Yorùbá kò ṣàìmọ èyí. Akan gbà pé ọlọ́run fún ènìyàn ní ɔkra, tí ó gba àyànmọ́ rẹ̀, nkrabea, kí ó tó wá sáyé. Sunsum sì ni ó dá lé ìwà àti agbára rẹ̀. Kwame Gyekye ti Legon, nínú ìwé rẹ̀ ti 1987, àti Kwasi Wiredu jiyàn lórí bí ɔkra ti rí gan-an. Nínú ìtàn Ifá, Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ jọ lọ yan orí nílé Àjàlá. Afùwàpẹ́ nìkan ni ó yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí ó rúbọ, tí ó sì fetí sí ìmọ̀ràn lójú ọ̀nà; òun ni ó yan orí rere. Orí jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹnu ẹlòmíràn ni ọgbọ́n tí a fi yàn án ti wá.

Àwọn tí ó padà ní 1969

Ní 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá ni ó wà lára wọn, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnìṣà, Ṣakí àti ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Accra, Kumasi, Tamale àti ní ìletò. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n di ẹrù tí ọwọ́ lè ká. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ni a bí sí Gánà, tí Twi tàbí Hausa sì yọ̀ lẹ́nu wọn. Ìpadàsílé baba jẹ́ àlọ fún ọmọ. Ní oṣù Kìíní 1983, Nàìjíríà náà lé ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà, òbìrípo náà sì tún yí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé àṣẹ yẹn ni Fragments jáde. Ìtàn Baako kì í ṣe ìtàn àwọn oníṣòwò yìí, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni ó dojú kọ wọn: kí ni ẹni tí ó ti àjò dé lọ́wọ́ òfo yóò sọ fún ilé? Ìlànà Campbell kò ní àyè fún un, nítorí pé akọni rẹ̀ kì í padà láìní ẹ̀bùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní àyè fún ọmọ tí kò mọ èwo ni ilé.

Kò sì ní àyè tí ó tó fún Anowa. Nínú eré Aidoo tí a tẹ̀ ní 1970, ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkọ tí òbí fẹ́ ti jáde láti inú àlọ́ tí a ń pa káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; irú rẹ̀ ni obìnrin tí ó tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin tí ó yá ẹ̀yà ara lò nínú ìwé Amos Tutuola ti 1952. Àlọ́ a máa fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún aláìgbọràn. Aidoo gbé e sí àwọn ọdún 1870, ó sì fi ẹrú sí i: Anowa kò gbà kí Kofi Ako ọkọ rẹ̀ ra ènìyàn, kíkọ̀ rẹ̀ yìí ni ìwà rẹ̀ sì fi ga ju ti gbogbo ilé lọ. Ìparí rẹ̀ burú, gẹ́gẹ́ bí àlọ́ ti wí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà ti kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí àwọn tí ó jẹ èrè owó ẹrú.

Kò tọ́ kí olùkọ́ tìtorí èyí da Jung àti Campbell nù. Wọ́n ti fi hàn pé ìrìn-àjò inú igbó lè jẹ́ ìrìn-àjò inú ọkàn, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tí ó ń ka Fágúnwà. Ohun tí Accra fi kún un ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má dúró lórí dídárúkọ àwòrán. Bí ó bá ti rí akọni, kí ó bèèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Bí ó bá ti rí àgbà ọlọ́gbọ́n, kí ó wò ó bóyá a ń gbọ́ tirẹ̀ nínú ilé. Bí akọni bá padà, kí ó wo ojú àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Onílé tí ó relé nìkan kọ́ ni òwe wa ń bá wí. Ilé náà ní ojúṣe tirẹ̀: kí ó ṣì jẹ́ ilé nígbà tí ọmọ bá dé, ìbáà kó ẹrù bọ̀, ìbáà ṣe ọwọ́ òfo.